Ọmọdé kì í dá lọ rí dókítà ọpọlọ: ìbéèrè àwọn òbí àti ìdáhùn

Mo ṣe olùdámọ̀ràn ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì n'Ìbàdàn fún ọdún 11. Àwọn ọmọ JSS 1 sí JSS 3, àwọn ọmọ ọdún 10 sí 14, ló pọ̀ jù nínú àwọn tó máa ń wọlé tọ̀ mí wá. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn òbí, àwọn ìyá àgbà àti àwọn tíṣà ń bi mí títí di òní. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn kí wọ́n tó la ẹnu. Èyí tó ká mi lára jù ni mo sọ̀rọ̀ lé lórí jù.

Kí ló ń pinnu bóyá ọmọ tó ní ìṣòro ọpọlọ yóò rí ìtọ́jú tàbí kò ní rí i?

Bí ẹ bá bi mí, orúkọ ni. Orúkọ tí àgbà àkọ́kọ́ tó ṣàkíyèsí ọmọ náà bá fún ohun tó rí.

Ọmọ ọdún 12 kò lè dá wọ mọ́tò lọ sí ilé ìwòsàn. Kò ní owó káàdì, bẹ́ẹ̀ ni ilé ìwòsàn kò ní fẹ́ dá a lóhùn láìsí òbí tàbí alágbàtọ́ tí yóò fọwọ́ sí ìwé. Àgbà kan ló gbọ́dọ̀ mú un lọ, ibi tí àgbà náà yóò sì mú un lọ wà nínú orúkọ tó ti fún ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn ara rẹ̀. Bó bá pè é ní ibà, ilé kẹ́mísìtì ni wọn yóò gbà lọ. Bó bá pè é ní ẹgbẹ́ ọ̀run tàbí ọkọ òru, orí òkè ni. Bó bá pè é ní oríkunkun, pàṣán ni. Bó bá pè é ní ọ̀lẹ, wọn ò ní mú un lọ síbì kankan. Àfi bó bá pè é ní àìsàn ni ọ̀nà ilé ìwòsàn yóò tó là.

Owó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀nà tó jìn, àìtó dókítà àti ìtìjú náà wà níbẹ̀, mo sì máa dé orí wọn. Ṣùgbọ́n mo ti rí ìdílé tó ní mọ́tò méjì, tí ilé wọn kò jìnnà sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà n'Ìbàdàn, tí ọmọbìnrin wọn sì lo ọdún méjì gbáko nínú ìrẹ̀wẹ̀sì láìfojú kan dókítà. Ìgbéraga ni wọ́n ń pè é nílé.

Ṣé ọmọdé náà máa ń ní àìsàn ọpọlọ ni? Kí lọmọ ọdún 12 ń rò?

Ó máa ń ní in. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé nínú àwọn ọmọ ọdún 10 sí 19, ẹnì kan nínú méje ló ní ìṣòro ọpọlọ. Wọ́n tún sọ pé ìdá kan nínú mẹ́ta àìsàn ọpọlọ ló máa ń bẹ̀rẹ̀ kí ẹni náà tó pé ọdún 14, ìdajì wọn sì máa ń bẹ̀rẹ̀ kó tó pé ọdún 18. Ìyẹn ni pé ìgbà tí à ń sọ pé ọmọ kò tíì mọ nǹkan kan gan-an ni àìsàn ń fìdí múlẹ̀.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ wa láàmú ni pé bí a bá ti gbọ́ àìsàn ọpọlọ, wèrè ìta ọjà ló ń wá sí wa lọ́kàn, ẹni tó tú sí ìhòhò tó ń ṣa bébà. Bẹ́ẹ̀ àwọn baba wa mọ̀ pé ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní orúkọ fún wèrè aláṣọ, ẹni tó wọṣọ tó dáa, tó ń jẹun, tó ń kí ènìyàn, ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ kò lọ déédéé. Ìrẹ̀wẹ̀sì tí kì í lọ, ìbẹ̀rù tí kò jẹ́ kí ọmọ lè wọ kíláàsì, ìrántí ohun burúkú tó ṣẹlẹ̀ sí i tó ń jí i lójú oorun lóru, àìlèjókòó-síbì-kan, gbogbo ìwọ̀nyí ni dókítà ọpọlọ ń tọ́jú. Wárápá náà wà níbẹ̀. Kì í sì í ṣe àkóràn: itọ́ ẹnu ọmọ tí wárápá gbé kò lè kó o ran ẹnikẹ́ni.

Orí ló máa ń fọ́ ọ, inú sì máa ń run ún. A ti lo oògùn ibà títí. Ṣé ọpọlọ lèyí náà?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìbéèrè yìí sì ni mo fẹ́ kí gbogbo ìyá kà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ Yorùbá kì í wá bá ìyá rẹ̀ kó ní òun ní ìrẹ̀wẹ̀sì. A kò kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tó mọ̀ ọ́n sọ ni pé orí ń fọ́ òun, àyà ń já òun, ara òun wúwo, nǹkan ń rìn lórí òun. Àwọn àgbà náà ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀dẹ orí tí à ń wí, tí orí á máa hó bí ẹni pé kòkòrò ń rìn nínú rẹ̀, tí oorun kò ní í kun ènìyàn, àwọn dókítà ọpọlọ ilẹ̀ wa ti kọ nípa rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì rí i pé ìrẹ̀wẹ̀sì àti àìbalẹ̀ ọkàn ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀. Ara ló ń bá ọkàn sọ ọ́.

Ìyá á gbọ́ orí fífọ́, á ra oògùn ibà. Lọ́sẹ̀ kejì, oògùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀. Lóṣù kejì, wọ́n á ní táífọ́ọ̀dù ni. Ìyá kan kó páálí oògùn mẹ́sàn-án tò sórí tábìlì mi, gbogbo rẹ̀ fún ọmọkùnrin kan ṣoṣo, láàárín sáà ẹ̀kọ́ kan. Àwọn ọmọ tó jù ú lọ ló ń fìyà jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ lójoojúmọ́.

Àmì kan wà tí mo máa ń ní kí ẹ wò. Ṣé orí náà máa ń fọ́ ọ lọ́jọ́ Sátidé? Bó bá jẹ́ àárọ̀ ọjọ́ ilé-ẹ̀kọ́ nìkan ni, tí ọlidé sì ń wò ó sàn, ẹ fi oògùn ibà sílẹ̀, ẹ jókòó tì í. Bí orí fífọ́ náà bá ń jí i lójú oorun, tó ń bì, tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣú, ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú ara ná.

Wọ́n ní ẹgbẹ́ ọ̀run ló ń dà á láàmú. Ṣé ẹ̀ ń sọ pé kí n má gbé e lọ sí ilé àdúrà?

Rárá o. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ yan ọ̀kan láàárín Ọlọ́run yín àti dókítà ti lé yín kúrò ní ilé ìwòsàn nìyẹn, torí mo mọ èyí tí ẹ máa yàn.

Ilẹ̀ wa gan-an ló fi han ayé pé a lè pa méjèèjì pọ̀. Ní ọdún 1954, ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro, l'Abẹ́òkúta, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo kò ti àwọn aláìsàn mọ́ inú ọgbà bí òyìnbó ti ń ṣe. Ó ní kí ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí ìyàwó bá aláìsàn wá, kí wọ́n gba yàrá sí àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí aláìsàn máa wá gbàtọ́jú lójú mọmọ, kó sì padà sáàárín ènìyàn lálẹ́. Ó pe àwọn onísègùn ìbílẹ̀ mọ́ra láti bá a ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí kan ní Ìbàdàn àti ní Kumasi, ní Gánà, níbi tí àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà ti ń lọ bá àwọn aláìsàn nínú ilé onísègùn àti ilé àdúrà tí wọ́n wà. Ọdún 2020 ni èsì rẹ̀ jáde: àwọn tí wọ́n tọ́jú báyìí sàn ju àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ bó ti máa ń rí tẹ́lẹ̀. Àgbàlagbà ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe ọmọdé, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó là yé mi dáadáa.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ̀ ni ìdè àti ebi. Ní ọdún 2019, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn kan jáde nípa àwọn ilé ní Nàìjíríà tí wọ́n ti ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de aláìsàn ọpọlọ mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọdé wà lára àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti fẹ́ na ọmọ yín kí ẹ̀mí àìmọ́ lè jáde, ibi tí wọ́n bá ti ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ méje láìfi omi kan ẹnu, ibi tí wọ́n bá ti ní kó dá oògùn dókítà dúró, ẹ mú ọmọ yín kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Pásítọ̀ tàbí Ààfáà tó bá fẹ́ràn ọmọ náà yóò gbàdúrà fún un, yóò sì bá yín dé ilé ìwòsàn. Mo mọ̀ wọ́n, wọ́n pọ̀ ju bí ẹ ti rò lọ.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ọmọkùnrin oníjàgídíjàgan ni wọ́n ń tètè gbé wá?

Nítorí òun ló ń dà wá láàmú. Bó bá fọ́ fèrèsé, tó bá lu ọmọ aládùúgbò, gbogbo ilé ló máa wá ojútùú. Ọmọbìnrin tó dákẹ́, tó ń fọ abọ́, tó ń ṣe iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, tó sì ń sunkún sínú ìrọ̀rí lóru, ọmọ dáadáa ni wọ́n ń pè é. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ orúkọ.

Kì í ṣe àwa nìkan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ní ìpínlẹ̀ North Carolina ní Amẹ́ríkà, àwọn oníwàádìí bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn ọmọ ọdún 9, 11 àti 13 nínú iṣẹ́ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Great Smoky Mountains Study. Wọ́n fẹ́ mọ irú ọmọ tó ń dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ ìlera ọpọlọ. Ọ̀kan nínú ohun tó lágbára jù tí wọ́n rí ni ìnira tí òbí ń rí lára ìṣòro ọmọ náà. Bó bá ti wúwo tó léjìká òbí ni òbí yóò ti sáré tó. Àìsàn kan náà, bó bá ń jẹ ọmọ nìkan run tí kò kan àgbà, ó lè wà ńlẹ̀ fún ọdún.

Ní tèmi, ìbéèrè tó yẹ kí òbí máa bi ara rẹ̀ lóṣooṣù ni pé, nínú àwọn ọmọ mi, ta ni kì í yọ mí lẹ́nu rárá? Kó lọ jókòó ti ìyẹn.

Kí ni ti tíṣà nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ó tóbi gan-an. Nínú ìwádìí Amẹ́ríkà tí mo sọ yẹn, nínú àwọn ọmọ tó rí ìrànlọ́wọ́ kankan gbà fún ìṣòro ọpọlọ, bíi 70 sí 80 nínú 100 ló rí i gbà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́, kì í ṣe ní ilé ìwòsàn. Tíṣà ló ń rí ọmọ náà láàárọ̀ títí di ọ̀sán. Òun ló mọ̀ pé èsì ìdánwò rẹ̀ ti já láti 70 sí 30 láàárín sáà kan, pé kì í jẹun pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́, pé ó ń wọ súwẹ́tà nínú oòrùn kí wọ́n má baà rí apá rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nípa ilé-ẹ̀kọ́ tiwa. Ní ibi púpọ̀, olùdámọ̀ràn kan ṣoṣo ló wà fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ, wọ́n á sì tún kó kíláàsì Síífíìkì fún un. Èyí tó burú jù ni àṣírí. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́, mo fi ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin JSS 2 kan lé ọ̀gá kan lọ́wọ́ nítorí ó pọn dandan. Kó tó di ìpè oúnjẹ ọ̀sán, gbogbo yàrá àwọn tíṣà ti gbọ́. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ti gbọ́. Odindi sáà kan gbáko kọjá tí ọmọ kankan kò fi kan ilẹ̀kùn mi mọ́. Ọmọ ọdún 13 kan sọ fún mi nígbà tó yá pé, "Mà, a fẹ́ràn yín, àmọ́ ọ̀rọ̀ kì í dúró níbí." Mi ò tíì gbàgbé ohùn rẹ̀.

Tíṣà tó ń ka èyí, ẹ ṣe ohun méjì péré: ẹ pe òbí rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, kí ẹ sì sọ ohun tí ojú yín rí, kì í ṣe ohun tí ẹ rò. "Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀" yàtọ̀ sí "ọmọ yín kò dá ṣáká." Òbí á gbọ́ ti àkọ́kọ́. Ti èkejì á lé e lọ.

Bí ayé bá gbọ́ ńkọ́? Ta ni yóò fẹ́ ẹ lọ́la?

Ìyá tó bi mí léyìí kò ṣe ìwà ìkà. Ó mọ ilẹ̀ tó ń gbé. Kí ìdílé tó fi ọmọ fọ́kọ, wọ́n á wádìí bóyá wèrè, wárápá tàbí ẹ̀tẹ̀ wà ní ilé náà. Òwe wa sì sọ pé wèrè dùn ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ. Nígbà tí ènìyàn ti gbọ́ ìyẹn láti kékeré, kò lè rọrùn fún un láti jókòó sí iwájú ilé ìwòsàn ọpọlọ, níbi tí ará ìjọ rẹ̀ lè gbà kọjá nínú ọkọ̀ kó sì rí i.

Nítorí náà, mi ò ní sọ pé kí ẹ má tijú. Ohun tí mo máa sọ ni pé ìtìjú náà ní ọ̀nà tí a lè gbà yí i ká. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH n'Ìbàdàn, LUTH ní Ìdí-Àràbà, OAUTHC n'Ilé-Ifẹ̀, ní ẹ̀ka ìtọ́jú ọpọlọ nínú ọgbà kan náà tí wọ́n ti ń tọ́jú eyín àti ojú. Ẹni tó bá rí yín níbẹ̀ kò mọ ibi tí ẹ̀ ń lọ. Kò sì pọn dandan kí ẹ sọ fún gbogbo mọ̀lẹ́bí. Ẹni méjì péré tó.

Àmọ́ ẹ gbọ́ èyí náà. Àwọn àgbà máa ń sọ pé wèrè tó bá ti wọjà kò ṣe é wò mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ nílé ìwòsàn, a máa ń wo ọ̀pọ̀ sàn. Síbẹ̀ ẹ̀rù tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà yẹ kó lé wa jáde kíá ni, kì í ṣe kó tì wá mọ́lé. Ọmọ tí ẹ fi pamọ́ ní ọdún 12 nítorí ọkọ ọjọ́ iwájú lè dé ọdún 20 láìlè lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga kankan.

Mélòó ló máa ná wa?

Owó káàdì, owó dókítà, owó àyẹ̀wò, owó oògùn bí wọ́n bá kọ ọ́, àti owó ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Owó ọkọ̀ yìí ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró ní ìgbà kẹta tàbí ìkẹrin, torí ìtọ́jú ọpọlọ kì í ṣe ohun tí à ń lọ fún lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Nàìjíríà ló ń sanwó láti inú àpò ara wọn. Bí ẹ bá ní ìdánilójú ìlera níbi iṣẹ́, ẹ béèrè bóyá ó kan ọmọ yín àti ìtọ́jú ọpọlọ kí ẹ tó lọ. Bí owó kò bá sí, ẹ wá òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re tó wà nínú ilé ìwòsàn ìjọba, ẹni tí wọ́n ń pè ní medical social worker. Ẹ sọ òótọ́ fún un. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ṣé dókítà wà tó ń tọ́jú ọmọdé ní pàtó?

Wọ́n wà, wọn kò pọ̀. Gbogbo dókítà ọpọlọ tó wà ní Nàìjíríà kò tó 300 fún ènìyàn tó lé ní mílíọ̀nù 200, àwọn tó kọ́ṣẹ́ ti ọmọdé sì kéré gan-an láàárín wọn. Ìlú ńlá ni wọ́n wà. Ẹni tó ń gbé ní Ṣakí tàbí Igbó-Ọrà mọ ohun tí mò ń sọ. Ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábàá, tó ti wà láti ọdún 1907, ní ibùdó ọmọdé tirẹ̀, Aro náà ń tọ́jú wọn. Yunifásítì Ìbàdàn ní ibùdó tó ń kọ́ àwọn oníṣẹ́ ìlera ní ìtọ́jú ọpọlọ ọmọdé àti ọmọ tó ń bàlágà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláyínká Omígbódùn wà lára àwọn tó gbé e ró.

Bí ibẹ̀ bá jìnnà, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn alábọ́dé àdúgbò. Ní Ọ̀ṣun, wọ́n ti dán an wò, tí wọ́n kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko láti dá àìsàn ọpọlọ mọ̀ kí wọ́n sì tọ́jú èyí tó bá ṣe é tọ́jú níbẹ̀, nípa ìwé ìlànà WHO tí wọ́n ń pè ní mhGAP. Kì í ṣe gbogbo ibi ló ti rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé tí nọ́ọ̀sì bá kọ fún yín á mú kí ilé ìwòsàn ńlá tètè dá yín lóhùn.

Ìyá àgbà ni mí. Ìyá ọmọ náà wà ní Kánádà. Ṣé mo lè mú un lọ?

Ẹ kú ìtọ́jú, Màmá. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lè mú un lọ, ẹ̀yin ni alágbàtọ́ rẹ̀.

Mo mọ ohun tó ń dá yín dúró. Ẹ̀rù ń bà yín pé bí ẹ bá sọ, ọmọ yín á rò pé ẹ kò tọ́jú ọmọ òun dáadáa. Ìyá náà ń rí i nínú fóònù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọmọ á rẹ́rìn-ín, ìyá á fowó ránṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ rí i pé kì í sùn. Japa ti fi ọ̀pọ̀ ọmọ sílẹ̀ láàárín ẹni méjì báyìí: ẹni tó ní owó àti àṣẹ kò rí ọmọ, ẹni tó rí ọmọ kò ní àṣẹ. Ẹ ní kí ìyá rẹ̀ kọ lẹ́tà kúkúrú tó fi àṣẹ fún yín, kó fọwọ́ sí i, kó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ, ẹ pè é kí dókítà bá a sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ ọ̀dọ̀ síbí, torí kò sẹ́ni tó ń bi mí nípa wọn. Ọmọbìnrin ọdún 11, 12, tí wọ́n mú wá láti abúlé, tàbí láti Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, tó ń bá wọn gbé ọmọ tó ń bá wọn tajà. Bí ìrònú bá mú un tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, àjẹ́ ni wọ́n sábà máa ń pè é, wọ́n á sì fi í sínú mọ́tò padà sílé. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 kò ya ọmọ tẹni sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, ọmọdé ni. Ẹ mú un lọ bí ẹ ti máa mú tiyín lọ.

Ó sọ pé ó wu òun kí òun kú. Ṣé ó ń fi dẹ́rù bà mí ni?

Ẹ gbà á gbọ́. Nínú ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Omígbódùn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe láàárín àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà, tó jáde ní ọdún 2008, ó ju 20 lọ nínú 100 tó sọ pé èrò àti pa ara àwọn ti wá sí àwọn lọ́kàn láàárín ọdún kan ṣáájú. Àwọn tí wọ́n ti fipá bá lò pọ̀ àti àwọn tó máa ń bá ènìyàn jà wà lára àwọn tí ewu náà pọ̀ fún jù.

Ẹ bi í léèrè tààrà, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Bíbéèrè kì í fi èrò náà sí ọmọ lórí, ó ń jẹ́ kó rí ẹni sọ ọ́ fún ni. Ẹ má fi í sílẹ̀ nìkan. Ẹ kó apakòkòrò àti oògùn kúrò nílẹ̀, kí ẹ ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ wọn. Ní ọdún 2019 ni NAFDAC fòfin de ìgò kékeré apakòkòrò tí wọ́n ń tà káàkiri, ṣùgbọ́n ó ṣì wà nílé ọ̀pọ̀ wa. Lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn tó súnmọ́ yín jù lọ, lọ́jọ́ náà. Ní LUTH, ètò SURPIN wà fún èyí gan-an.

Òfin ń dẹ́rù ba àwọn òbí kan. Abala 327 nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí a jogún lọ́wọ́ òyìnbó ka gbígbìyànjú láti pa ara ẹni sí ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀wọ̀n ọdún 1. Nítorí rẹ̀, wọ́n á gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn, wọ́n á ní ó ṣèèṣì mu ún ni, ọmọ á sì padà sílé láìsí ẹni tó bá a sọ̀rọ̀. Òfin Èkó ti yàtọ̀ síyẹn: ilé ìwòsàn ló ní kí kọ́ọ̀tù fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí. Oṣù kìíní ọdún 2023 sì ni wọ́n fọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun fún gbogbo Nàìjíríà, tó rọ́pò òfin wèrè ayé àtijọ́ tó ti wà láti ọdún 1916. Ẹ sọ òótọ́ fún dókítà. Ìtọ́jú ni iṣẹ́ tirẹ̀.

Kí ni wọ́n máa ṣe fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Ṣé oògùn ò ní sọ ọ́ di òmùgọ̀?

Wọ́n á gba káàdì, wọ́n á wọn ìfúnpá àti ìwọ̀n ara rẹ̀. Dókítà á bá yín sọ̀rọ̀: báwo lẹ ṣe bí i, ṣé gìrì ti gbé e rí, ta ló ń gbé nílé, ìgbà wo ló yí padà. Lẹ́yìn náà á ní kí ẹ jáde díẹ̀, kó bá ọmọ náà nìkan sọ̀rọ̀. Ẹ má bínú sí ìyẹn. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ti ń jáde, pàápàá bó bá jẹ́ ẹnìkan nínú ilé ló ń fọwọ́ kàn án níbi tí kò yẹ. Ẹ mú káàdì èsì ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti ìwé iṣẹ́ rẹ̀ dání. Ìwé ọwọ́ ọmọ a máa sọ ohun tí ẹnu rẹ̀ kò sọ.

Ọ̀pọ̀ ọmọ kì í gba oògùn lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀rọ̀ sísọ, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ni ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún ọ̀pọ̀ ìrẹ̀wẹ̀sì àti ìbẹ̀rù. Bó bá jẹ́ wárápá tàbí ìsínwín gidi, oògùn máa wà. Àwọn kan ń mú oorun wá, àwọn kan ń mú ara sanra. Ẹ padà lọ sọ ọ́, wọ́n á dín in tàbí pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má dá a dúró fúnra yín.

Lọ́ńdọ̀nù la wà. Ṣé bá a bá lọ, wọn ò ní gba ọmọ lọ́wọ́ wa?

Ìbẹ̀rù yìí ló ń dá àwọn Yorùbá ní Bírítéènì dúró ju owó lọ, nítorí owó kò sí níbẹ̀, NHS, ètò ìlera ìjọba, ló ń san án. GP yín, ìyẹn dókítà àdúgbò, tàbí ilé-ẹ̀kọ́ lè kọ ìwé sí CAMHS, ẹ̀ka NHS tó ń tọ́jú ọpọlọ ọmọdé, fún un. Pé òbí wá ìtọ́jú fún ọmọ kì í ṣe ẹ̀sùn. Ìwádìí níbẹ̀ ti fi hàn pé àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú sábà máa ń gba ọ̀nà ilé-iṣẹ́ afẹ́nifẹ́re tàbí ilé-ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ CAMHS ju àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun lọ. Ẹni tó tètè gba ọ̀nà GP ti yẹra fún ọ̀nà kejì nìyẹn. Ó máa ń pẹ́ kí ó tó kàn yín, torí náà ẹ tètè forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì máa pè wọ́n.

Ó ní òun ò lọ. Ṣé kí n wọ́ ọ?

Ẹ má wọ́ ọ, bí kò bá jẹ́ pé ewu ẹ̀mí wà níbẹ̀ báyìí. Ẹ má sì parọ́ fún un pé ilé ìbátan lẹ̀ ń lọ. Bó bá débẹ̀ tó rí orúkọ ilé ìwòsàn, kò tún ní gbà yín gbọ́ mọ́.

Ẹ bi í ohun tó ń bà á lẹ́rù. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tó rò ni pé wọ́n á tì í mọ́bẹ̀, pé ẹ ò ní padà wá mú un. Ẹ sọ fún un pé ẹ jọ ń lọ, ẹ jọ ń bọ̀, lọ́jọ́ kan náà. Ẹ jẹ́ kó yan ẹni tó fẹ́ kó tẹ̀ lé yín: àbúrò yín obìnrin, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tíṣà kan tó fẹ́ràn. Ẹ sọ fún un pé orí tó ń fọ́ ọ, oorun tí kò kùn ún, ìyẹn lẹ fẹ́ kí dókítà wò. Òótọ́ ni, kì í ṣe ẹ̀tàn. Bó bá tún kọ̀, ẹ̀yin ẹ lọ. Dókítà tàbí olùdámọ̀ràn á bá òbí nìkan sọ̀rọ̀, á kọ́ yín ní bí ẹ ṣe máa bá a sọ̀rọ̀ nílé. Mo ti rí ọmọkùnrin kan tó kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ìyá rẹ̀ ń dá lọ. Nígbà kẹrin, bí ìyá ṣe ń wọ bàtà, ọmọ náà jáde láti yàrá, ó ti wọṣọ, ó ní, "Màámi, ẹ dúró dè mí."